Ẹ̀ka mẹ́ta n'Ìbàdàn, dátà kan ṣoṣo: kí ló ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀dà máa ta ko ara wọn?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àyẹ̀wò ìlera kan ni mo ń bá mójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ̀ka mẹ́ta ni: Dùgbẹ̀ ni olú, Bódìjà àti Mọ́níyà ló kù. Sáfà kan wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, Linux ló wà lórí gbogbo wọn, díìsìkì méjì oní 4 TB ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ aláìsàn, owó tí wọ́n san àti èsì àyẹ̀wò wà nínú PostgreSQL, ìyẹn dátábéèsì wọn. Àwòrán X-ray àti scan wà nínú fódà lásán. Fáíbà ló wà ní Dùgbẹ̀, rédíò orí òrùlé ni Bódìjà ń lò, rọ́tà 4G ni ti Mọ́níyà.

Mo ní kí cron (tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un) máa pe rsync (tó ń kó fáìlì láti sáfà kan sí òmíràn) ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí àwọn tó kù, pẹ̀lú --delete, tó ń pa ohun tí kò sí ní orísun rẹ́ ní òdìkejì, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Fódà PostgreSQL wà lára ohun tó ń kó. Fáìlì tí a ti pa rẹ́ ń jí dìde. Àwòrán tuntun ń pòórá. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ kan ìwé aláìsàn kan náà, iṣẹ́ ẹnìkan á bá afẹ́fẹ́ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iye aláìsàn tó wà ní Mọ́níyà fi 41 dín sí ti Dùgbẹ̀. Àwọn kan ní kí n ra íntánẹ́ẹ̀tì tó yára, àwọn kan ní kí n lo DRBD, tó ń da ohun tó wà lórí díìsìkì sáfà kan kọ sórí ti òmíràn, àwọn kan ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí sáfà òkè òkun. Èwo ni kí n ṣe, ẹ jọ̀ọ́?

---

Ìdáhùn

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dá cron yẹn dúró lónìí. Àlàyé ń bọ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dátà yín ń bàjẹ́ sí i.

rsync kì í rántí àná. Bó bá rí fáìlì ní Dùgbẹ̀ tí kò sí ní Mọ́níyà, kò ní bí ó ṣe lè mọ̀ bóyá Dùgbẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a tàbí Mọ́níyà ló pa á rẹ́. Ibi tí ẹ bá pè ní orísun ni yóò gbà gbọ́. Bí Dùgbẹ̀ bá kọ́kọ́ ránṣẹ́, fáìlì tí Mọ́níyà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá á parẹ́ nítorí --delete. Bó bá jẹ́ Mọ́níyà ló kọ́kọ́ ránṣẹ́, ohun tí Dùgbẹ̀ pa rẹ́ á padà wá. Ìdí nìyẹn tí òkú fi ń jí, tí ọmọ tuntun sì ń kú.

Ohun kejì ni aago. Ìwọ̀n fáìlì àti àkókò tó wà lára rẹ̀ ni rsync ń wò. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yàtọ̀, á kọ ti orísun lé ti òdìkejì lórí, kódà bí ti orísun bá jẹ́ èyí tó ti gbó. --update máa ń dènà ìyẹn, àmọ́ aago ni òun náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ lọ wo sáfà Mọ́níyà. Bí bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí pátákó rẹ̀ bá ti kú, nígbà gbogbo tí iná bá lọ tó sì padà dé, ọjọ́ ayé àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà náà máa jí sí, á sì máa fi ọjọ́ náà sára gbogbo fáìlì títí tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi dé tí aago yóò fi tọ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, ẹ fi chrony, tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì tún aago ṣe, sórí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì fi chronyc tracking yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó burú jù ni fódà PostgreSQL. Nígbà tí dátábéèsì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, rsync á kó fáìlì kan ní aago 10:00, á kó òmíràn ní 10:03. Ohun tó dé òdìkejì kì í ṣe dátà 10:00, kì í ṣe ti 10:03, kì í ṣe ti wákàtí kankan. Bí PostgreSQL òdìkejì bá sì tún ń ṣiṣẹ́ lórí fódà kan náà nígbà tí rsync ń kọ sínú rẹ̀, ẹ kà á sí pé ó ti bàjẹ́ títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kò bàjẹ́. Mo rò pé 41 yín ti wá láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí cron bá ti dúró, ẹ wá díìsìkì ìta mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi pg_dump, irinṣẹ́ PostgreSQL tó ń kọ ẹ̀dà dátábéèsì jáde, kó dátábéèsì sórí rẹ̀, kí ẹ kó fódà àwòrán tẹ̀lé e, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka àti ọjọ́ sára rẹ̀, kí ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí pg_dump bá kọ̀ ní ẹ̀ka kan, ẹ dá PostgreSQL ibẹ̀ dúró, kí ẹ kó gbogbo fódà rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ohunkóhun ṣe kí èyí tó parí. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fi rsync -ainc wo ìyàtọ̀ fódà àwòrán láàárín ẹ̀ka méjì-méjì. n ni kò ní jẹ́ kó kọ nǹkan kan. c ni yóò mú kó ka inú fáìlì látòkèdélẹ̀ dípò kó wo aago. Díìsìkì tó ń yí, tó ń ka nǹkan bí 150 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, máa lo tó wákàtí 2 lórí 1 TB. Alẹ́ ni kí ẹ ṣe é.

---

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára

Èrò yìí ló wọ́pọ̀ jù, mi ò sì gbà á. Ìyára máa dín àkókò tí àwọn ẹ̀dà fi yàtọ̀ síra kù. Kò lè sọ ẹni tó jàre nígbà tí ẹni méjì bá kọ̀wé sójú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni fífẹ̀ ọ̀nà, èkejì ni jíjìn rẹ̀. Títì fífẹ̀ kò sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Fún fífẹ̀: bí ẹ bá ń rí 10 Mbps nígbà tí ẹ bá ń fi nǹkan ránṣẹ́, 1.25 MB ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, 4.5 GB ní wákàtí kan. Bí ẹ̀ka kan bá ya X-ray 60 lóòjọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 MB, 1.2 GB ni, ìṣẹ́jú 16 ló máa gbà. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn tó fún X-ray. Scan CT ló lè dẹ́rù bani, nítorí ti ẹnìkan ṣoṣo lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB.

Fún jíjìn: ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ń lo nǹkan bí ìdá 5 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá fún kìlómítà kan. Láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́níyà kò tó 30 km, àlọ àti àbọ̀ kò yẹ kó tó 1 ms, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá kan tí a pín sọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tó ń fún Dùgbẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì bá yàtọ̀ sí ti Mọ́níyà, dátà náà lè gba Èkó lọ kó tó padà wá sí Ìbàdàn. Ẹ fi mtr wo ibi tó ń gbà. 4G fúnra rẹ̀ lè fi 30 sí 60 ms kún un, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò wà lórí fóònù.

Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? Bí ìwé kọ̀ọ̀kan (ohun tuntun tí a kọ sínú dátábéèsì) bá ní láti dúró de ìdáhùn òdìkejì kó tó parí, tí àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ 40 ms, ètò kan tó ń kọ ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè kọ ju 25 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìbáà jẹ́ 10 Mbps lẹ rà tàbí 1,000 Mbps. 25 pọ̀ fún akọ̀wé tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kò tó rárá fún ètò tó ń da èsì 5,000 sínú dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan náà.

---

Lórí DRBD

Irinṣẹ́ gidi ni. Ilé-iṣẹ́ LINBIT ti Austria ló ń ṣe é, ó sì ti wà nínú kernel (ọkàn) Linux láti 2.6.33 ní 2010. Àwọn tó dá a lábàá kò ṣe àṣìṣe nípa agbára rẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ lò ó ni mi ò fara mọ́.

Abẹ́ fódà ló ti ń ṣiṣẹ́, búlọ́ọ̀kù díìsìkì ló ń kó, kò mọ fáìlì, kò mọ aláìsàn. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta. Nínú Protocol C, ìwé kò parí àyàfi tó bá ti wà lórí díìsìkì méjèèjì. Nínú B, ó parí nígbà tó bá ti dé inú RAM òdìkejì. Nínú A, ó parí nígbà tó bá ti wà lórí díìsìkì tibí, tó sì ti wọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ fi í ránṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tibí bá jóná nísinsìnyí, ohun tó wà lójú ọ̀nà ti lọ. C lórí 4G á mú kí gbogbo ìwé máa dúró de rọ́tà Mọ́níyà. A lórí 4G á yára, àmọ́ òdìkejì á máa wà lẹ́yìn nígbà gbogbo.

Ewu tó wà nínú rẹ̀ fún yín ni pé àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ kí ẹ̀ka méjèèjì jẹ́ Primary (olórí) lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo wọn lè máa kọ. Bí ext4, ètò fáìlì tó wọ́pọ̀ lórí Linux, bá wà lórí rẹ̀, ẹ máa ba fódà náà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ext4 gbà pé òun nìkan ló ni díìsìkì. Ètò fáìlì GFS2 tàbí OCFS2 ló lè gba olórí méjì, àwọn yẹn sì ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé kan náà, wọn kò ṣe é fi sórí 4G. Àgbò méjì kì í mumi nínú akoto kan.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi so sáfà méjì pọ̀ nínú Dùgbẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà láàárín wọn, Protocol C. Ibẹ̀ ló ti máa fi ara rẹ̀ hàn.

---

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá já, ṣé kí Mọ́níyà ti ilẹ̀kùn ni? Aláìsàn ń dúró.

---

Ìdáhùn

Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé, ó sì yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ sáfà. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Eric Brewer ló gbé e kalẹ̀ ní 2000, Seth Gilbert àti Nancy Lynch sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2002: nígbà tí ọ̀nà bá já láàárín ibùdó, kò ṣeé ṣe kí gbogbo ibùdó máa gba ìwé tuntun kí gbogbo wọn sì tún máa rí ohun kan náà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Kò sí owó tí ẹ lè san tí èyí máa fi yí padà.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ ni pé kò pọn dandan kí ìdáhùn kan náà bá gbogbo dátà mu. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ irú dátà tí ẹ ní sílẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ẹ̀ka wo ló ni ẹ̀tọ́ láti yí i padà?

Àwòrán X-ray: ẹ̀ka tó ya á ló ni ín. Tí wọ́n bá ti ya á tán, ẹnikẹ́ni kò ní yí i padà mọ́. Kò lè sí ìjà lórí rẹ̀ láéláé, àyàfi tí ẹ bá fún ẹlòmíràn láàyè.

Owó: ìlà tuntun ni kí ẹ máa fi kún un. Ìlà tó ti wà nílẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí akọ̀wé bá ṣi owó kọ, kó kọ ìlà míì tó yọ iye náà kúrò. Nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí owó náà gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ẹ̀ka níwájú, D, B tàbí M, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ka méjì á fún ẹni méjì ní nọ́ńbà kan náà lọ́jọ́ tí ọ̀nà já.

Ìwé aláìsàn, bíi ọjọ́ orí, fóònù, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà: èyí ni wàhálà, nítorí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè yí i padà. Dùgbẹ̀ nìkan ni kó ni ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́. Mọ́níyà á máa kà á. Bó bá fẹ́ yí i padà, Dùgbẹ̀ ló máa gba ìyípadà náà wọlé.

Pẹ̀lú ètò yìí, nígbà tí ọ̀nà bá já, Mọ́níyà ṣì lè ya X-ray, ó ṣì lè gba owó, ó ṣì lè ka ìwé aláìsàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àtúnṣe ìwé aláìsàn nìkan ló máa dúró sórí ìlà títí ọ̀nà yóò fi padà.

---

Bí ẹ ṣe máa gbé PostgreSQL kalẹ̀

Olórí kan ní Dùgbẹ̀. Standby, ìyẹn ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé olórí, tí a lè kà àmọ́ tí a kò lè kọ nǹkan sí, ní Bódìjà àti Mọ́níyà. Ẹ fi pg_basebackup dá àwọn standby náà, ẹ má fi rsync. Nínú primary_conninfo ti standby kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ application_name=bodija tàbí moniya. Ní Dùgbẹ̀:

synchronous_standby_names = 'ANY 1 (bodija, moniya)'
synchronous_commit = on

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwé kò parí àyàfi tó bá wà lórí díìsìkì Dùgbẹ̀ àti ti ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù. Bódìjà tó yára ló máa ń dáhùn nígbà gbogbo. 4G Mọ́níyà kò ní fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Bí Dùgbẹ̀ bá jóná, ó kéré tán ẹ̀ka kan ní gbogbo ohun tí ẹ ti sọ fún aláìsàn pé ó ti wọlé.

Ibi tó ti ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀: bí standby méjèèjì bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìwé ní Dùgbẹ̀ á dúró, ojú ìwé á máa yí láìparí. Kò bàjẹ́, ẹ̀rí ló ń dúró dè. Ẹ pinnu ṣáájú ẹni tó lè yọ orúkọ kúrò nínú synchronous_standby_names kí ó sì pe pg_reload_conf(), kí ẹ sì kọ wákàtí tó ṣe é sílẹ̀. Fún iṣẹ́ tó pọ̀ tí kò sì ṣe pàtàkì púpọ̀, bíi èsì 5,000 yẹn, ẹ lè kọ SET LOCAL synchronous_commit = local sínú iṣẹ́ náà nìkan.

Ohun míì: synchronous_commit = on kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ń kàwé ní Bódìjà ti rí i. Ó ti wà lórí díìsìkì Bódìjà, ṣùgbọ́n ó lè má tíì hàn. Akọ̀wé á kọ èsì, á sọ ojú ìwé di tuntun, kò ní rí i, á tún un kọ, ó ti di méjì nìyẹn. Èyí ni ẹ̀sùn tí mo rí pé ó wọ́pọ̀ jù lọ, àwọn ènìyàn sì máa ń pè é ní dátà tó sọnù. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nǹkan ka ìwé láti Dùgbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. remote_apply, tó ń dúró títí ìwé yóò fi hàn lórí standby, náà lè ran yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n standby tó dáhùn nìkan ló máa bá ṣiṣẹ́: bí Bódìjà bá ti dáhùn, Mọ́níyà ṣì lè wà lẹ́yìn.

Ẹ lo replication slot kí standby tó bá sùn lè rí ibi tó ti kúrò. Àmọ́ ẹ má gbàgbé max_slot_wal_keep_size, tó wà láti PostgreSQL 13. Bí kò bá sí i, tí Mọ́níyà bá wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan, fáìlì WAL oní 16 MB, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìyípadà tí Mọ́níyà kò tíì gbà, á máa kóra jọ ní Dùgbẹ̀ títí díìsìkì yóò fi kún tí olórí fúnra rẹ̀ yóò fi ṣubú. Ẹ̀ka tó kéré jù ni yóò wá pa èyí tó tóbi jù. Ẹ fi sí 50 GB. Bí Mọ́níyà bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ dá a láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pg_basebackup.

Fún ohun tí Mọ́níyà ń kọ nígbà tí ọ̀nà já: standby kò gba ìwé kankan, nítorí náà ẹ fi dátábéèsì kékeré míì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, SQLite tó. INSERT (fífi ìlà tuntun kún un) nìkan ni kó máa gbà, kí gbogbo ìlà ní UUID, nọ́ńbà gígùn tí kì í bá ti ìlà míì mu. Nígbà tí ọ̀nà bá dé, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú ON CONFLICT DO NOTHING, tó ń fo ìlà tó bá ti wà níbẹ̀ kọjá. Bí ọ̀nà bá tún já ní àárín, ẹ tún gbogbo rẹ̀ rán, kò ní di méjì.

---

Ẹnìkan ní kí a jẹ́ kí ètò fúnra rẹ̀ yan olórí tuntun

Ní ẹ̀ka mẹ́ta, ó ṣeé ṣe, nítorí méjì nínú mẹ́ta lè gbà fún ara wọn. Ní ẹ̀ka méjì, kò ṣeé ṣe láé: olúkúlùkù ń rí i pé èkejì kò dáhùn, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ẹnìkejì kú tàbí ọ̀nà ló já.

Síbẹ̀, mi ò ní dábàá rẹ̀ fún yín. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 2018, ọ̀nà kan já ní GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú-àáyá 43 péré nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ fáíbà kan. Ètò tó ń yan olórí gbé ipò olórí dátábéèsì MySQL wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìwé díẹ̀ tí ìlà-oòrùn ti gbà kò tíì dé ọ̀hún, ìwọ̀-oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni iṣẹ́ fi dàrú kí gbogbo rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Àwọn yẹn ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Lọ́dọ̀ yín, iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sàn-án kan. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn ṣe ìpinnu náà. Bí Dùgbẹ̀ kò bá dáhùn fún ìṣẹ́jú 15, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Bí iná ló lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn, ẹ dúró. Bí sáfà bá ti kú lóòótọ́, kí ẹnìkan tó wà níbẹ̀ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yọ, kó sọ ọ́ fún yín lẹ́nu pé òun ti fà á yọ, kí ẹ tó pe pg_promote(), tó ń sọ standby di olórí, ní Bódìjà. Nígbà tí Dùgbẹ̀ bá sàn, kò gbọdọ̀ padà wá bí olórí. pg_rewind ni ẹ ó fi sọ ọ́ di standby Bódìjà, ìyẹn sì ń fẹ́ kí wal_log_hints tàbí data checksums ti wà ní títàn ṣáájú. Ẹ tan án lónìí. Lọ́jọ́ ìjàǹbá ó ti pẹ́ jù.

---

Àwòrán

Ibí ni rsync yẹ. Fódà mẹ́ta: dugbe, bodija, moniya. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kọ sínú tirẹ̀ nìkan, ó sì ń gba ti àwọn méjì yòókù. Ọ̀nà kan ṣoṣo, láìsí --delete:

rsync -a --ignore-existing --partial-dir=.rsync-partial --bwlimit=600

600 yẹn fi nǹkan bí ìdajì 10 Mbps sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé. Ẹ má fi --partial lásán rọ́pò --partial-dir. --partial á fi fáìlì tó dé ní àbọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gangan, --ignore-existing á sì rí i pé ó ti wà níbẹ̀, á fò ó kọjá. Àwòrán náà á wà ní àbọ̀ títí láé, dókítà ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.

Syncthing, ètò míì tó ń mú kí fódà dọ́gba, náà dára fún èyí, Send Only ní ẹ̀ka tó ni fódà, Receive Only ní àwọn tó kù. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ sí Send & Receive, tí ẹni méjì sì yí fáìlì kan padà, á fi sync-conflict sínú orúkọ ẹ̀dà tí àkókò rẹ̀ pẹ́ jù. Aago tún ni.

Kíkó àkọ́kọ́ ńkọ́? 2 TB lórí 10 Mbps máa lo ọjọ́ 18 àti ààbọ̀. Ẹ kó o sórí díìsìkì ìta, wákàtí 4 tó, kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Mọ́níyà. Ẹ fi LUKS ti díìsìkì náà pa kó tó jáde nílé: dátà ìlera ni, òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì kà á sí dátà tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀.

---

Ẹ̀dà méjì kò sọ pé èwo ni òótọ́

Díìsìkì lè ba búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ìwọ̀n fáìlì kò yí, àkókò rẹ̀ kò yí, nítorí náà rsync lásán kò ní rí i. Bí ẹ bá fi -c sí i, á rí ìyàtọ̀, àmọ́ bí èyí tó bàjẹ́ bá wà ní orísun, á kó ìbàjẹ́ náà lé èyí tó dára lórí. mdadm RAID1, tó ń kọ ohun kan náà sórí díìsìkì méjì, náà bẹ́ẹ̀: á sọ fún yín nínú mismatch_cnt pé díìsìkì méjèèjì yàtọ̀, kò mọ èyí tó tọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ètò fáìlì ZFS fún fódà àwòrán. Ó ń tọ́jú checksum (nọ́ńbà tí a ṣírò láti inú dátà) búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sínú búlọ́ọ̀kù míì tó ń tọ́ka sí i, ó mọ èyí tó bàjẹ́ nínú díìsìkì méjèèjì, á sì fi èyí tó dára tún un ṣe. Ẹ máa ṣe zpool scrub, tó ń yẹ gbogbo búlọ́ọ̀kù wò, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ bá wà lórí ext4, ẹ kọ sha256sum, irú checksum kan, ti fáìlì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ya á, kí ẹ kó ìwé náà lọ sí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé yẹn ni yóò ṣe adájọ́.

Lórí iná: SSD olówó pọ́ọ́kú kan lè sọ pé òun ti kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú RAM rẹ̀. Iná lọ, ìwé náà lọ, PostgreSQL sì ti sọ fún Bódìjà pé ó ti wà. Ẹ ra èyí tó ní ààbò ìgbà tí iná bá lọ, tàbí kí ẹ fi hdparm -W 0 pa cache díìsìkì náà kí ẹ sì fara da ìjáfara rẹ̀. UPS gbọ́dọ̀ ní wáyà USB tó so mọ́ sáfà, kí ètò NUT lè pa á dáadáa kí bátìrì tó tán. Inverter ńlá tó gbé gbogbo ilé kò lè ṣe ìyẹn bí kò bá lè bá sáfà sọ̀rọ̀.

---

Lórí sáfà òkè òkun

Láti Èkó dé London jẹ́ nǹkan bí 5,000 km. Ìmọ́lẹ̀ nìkan máa lo 50 ms lálọ àti lábọ̀, okùn abẹ́ òkun sì jìn ju ìlà tààrà lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Côte d'Ivoire. Ẹni tí olórí dátà rẹ̀ wà lọ́hùn-ún lọ́jọ́ yẹn kò lè kọ orúkọ aláìsàn tó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà tí ẹ ti tì pa síbẹ̀ lálaalẹ́. Olórí dátà, Ìbàdàn ni kó wà.

Ẹ̀dà tí ẹ fi síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àná, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti oṣù tó kọjá. Standby kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: DELETE tí ẹnìkan fi àṣìṣe kọ ní Dùgbẹ̀ máa dé Bódìjà kí ẹni náà tó yọwọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti GitHub, pa fódà dátábéèsì olórí rẹ́, ó rò pé orí sáfà èkejì lòun wà. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà pg_dump, kò sí níbẹ̀, nítorí pg_dump 9.2 ni wọ́n ń fi kó dátábéèsì 9.6, ó ti ń kùnà láìsí ẹni tó gbọ́. Nǹkan bí wákàtí 6 dátà ló lọ. Ẹ máa dá ẹ̀dà náà padà sórí kọ̀ǹpútà míì lóṣooṣù, kí ẹ ka iye aláìsàn inú rẹ̀.

---

Olùbéèrè

Ẹ kú làálàá, ọ̀gá mi. Mo ti dá cron dúró, mo ti kó ẹ̀dà mẹ́ta. Aago Mọ́níyà fi wákàtí 7 sẹ́yìn. Báwo ni kí n ṣe dá 41 yẹn padà?

---

Ìdáhùn

Ẹ má fi ètò kankan yan èyí tó tuntun jù. Pẹ̀lú aago tó fi wákàtí 7 sẹ́yìn, ohun tí Mọ́níyà kọ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ á dà bí ti 9 àárọ̀, Dùgbẹ̀ á sì máa borí lójoojúmọ́ láìjàre.

Ẹ da pg_dump mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú schema (àyè ọ̀tọ̀ nínú dátábéèsì) mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà kan tí kò sí nínú iṣẹ́. Ẹ fi FULL OUTER JOIN so tábìlì aláìsàn wọn pọ̀ lórí nọ́ńbà aláìsàn. Ìdì mẹ́ta ló máa jáde. Àwọn tó bára mu, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ mú wọn wọlé, nítorí ó sàn kí ìwé kan pọ̀ jù ju kí ti aláìsàn sọnù. Èyí tí wọ́n ti pa rẹ́ tẹ́lẹ̀, akọ̀wé á tún un pa. Àwọn tó yàtọ̀ síra, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde lórí ìwé, ìlà mẹ́ta fún aláìsàn kan, kí akọ̀wé ẹ̀ka fi ìwé ẹ̀rí owó àti ìwé dókítà yanjú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà kan náà tó jẹ́ ti ènìyàn méjì. Orúkọ àti fóònù ni yóò fi í hàn. Ẹ fún ẹnìkejì ní nọ́ńbà tuntun, kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ tẹ̀lé e.

Nígbà tí ètò tuntun bá ti dúró, ẹ yan ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fa wáyà rọ́tà Mọ́níyà yọ fún ìṣẹ́jú 30. Ní àkókò yẹn, ẹ kọ owó mẹ́ta, ẹ ya àwòrán ìdánwò kan, ẹ gbìyànjú láti yí fóònù aláìsàn kan padà. Ẹ dá wáyà náà padà, kí ẹ ka ìṣẹ́jú títí replay_lag (bí standby ṣe wà lẹ́yìn tó) ti moniya nínú pg_stat_replication yóò fi padà sí bó ṣe máa ń wà. Owó mẹ́ta gbọ́dọ̀ dé Dùgbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, sha256 àwòrán gbọ́dọ̀ bára mu ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyípadà fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tó ń dúró de Dùgbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ti Dùgbẹ̀ ni kí ẹ fà yọ.